Awò VR àti iyè àwọn àgbà wa: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ará Òṣogbo

Àwọn ọmọ tó ń tọ́jú òbí nílé, àwọn nọ́ọ̀sì, àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni a kọ èyí fún. Ẹ ó rí bí àwọn onímọ̀ ṣe ń fi VR yẹ ìrántí àti ìrònú wò, ohun tó lè ṣe, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ kíkà níbi tó bá wù yín. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ìyá tàbí bàbá yín ti ń ṣìnà ilé báyìí, ẹ kọ́kọ́ lọ ka ìdáhùn tó sọ nípa ilé ìwòsàn.

Kí ni VR yìí gan-an?

Virtual reality ni VR dúró fún, ìyẹn ayé àfarawé tí kọ̀ǹpútà ń gbé wá síwájú ojú. Awò ńlá kan ni wọ́n fi ń wò ó, tó bo ojú méjèèjì pátá, tí wọ́n fi okùn dì mọ́ orí. Bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá yíjú sọ́tùn-ún, ohun tó wà lọ́tùn-ún ni yóò rí; bó bá gbójú sókè, yóò rí òkè. Ojú á wá gbà pé ibòmíràn ni òun wà, bẹ́ẹ̀ orí àga ni onítọ̀hún jókòó sí. Ivan Sutherland ti ṣe irú awò yìí ní Amẹ́ríkà láti 1968, ṣùgbọ́n ó wúwo débi pé àjà ni wọ́n so ó kọ́. Èyí tó wà nígboro nísinsìnyí, irú bíi Meta Quest, kò wúwo ju nǹkan bí ìdajì kílò lọ. Rìmóòtù méjì ló máa ń bá a rìn, ọ̀kan fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan.

Báwo ni ohun tí àwọn ọmọdé fi ń ṣe géèmù ṣe lè wọn ìrántí àgbàlagbà?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn dókítà ń lò tẹ́lẹ̀. Ìdánwò kan wà tó ń jẹ́ MMSE, tó jáde ní 1975. Òmíràn ni MoCA, tó jáde ní 2005. Máàkì 30 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dókítà á béèrè pé ọjọ́ wo la wà. Á ka ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan, á sì ní kí ẹ kà á padà tó bá yá. Á ní kí ẹ yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ tún yọ méje kúrò nínú èyí tó kù. MoCA a máa ní kí èèyàn ya ojú aago. Ìdánwò wọ̀nyí wúlò gan-an, wọ́n yá, ìwé àti bírò ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ibi tí wọ́n kù sí ni pé èèyàn lè jókòó sínú yàrá tó pa rọ́rọ́, kó dáhùn gbogbo rẹ̀ láìṣì, kó délé kó gbé ọbẹ̀ kaná kó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí yóò fi jó. Ohun méjì mẹ́ta ni ojoojúmọ́ máa ń gbé ka èèyàn lórí pọ̀. Ìyá tó ń lọ sọ́jà ní láti rántí ohun tó fẹ́ rà, kó ṣírò ṣéńjì, kó má gbàgbé pé òun fẹ́ yà sọ́dọ̀ aránṣọ nígbà tó bá ń bọ̀, kó sì máa wo ọ̀kadà lọ́tùn-ún lósì. Ní 1991, Tim Shallice àti Paul Burgess ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ nípa àwọn aláìsàn mẹ́ta tí iwájú ọpọlọ wọn ti farapa. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe dáadáa nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò orí ìwé. Ìgbà tí wọ́n rán wọn jáde sígboro pé kí wọ́n lọ ra nǹkan díẹ̀, kí wọ́n sì wádìí nǹkan díẹ̀ bọ̀, ni gbogbo rẹ̀ dojú rú.

Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kó àgbàlagbà tí iyè rẹ̀ ń ra lọ sójú títì nítorí ìdánwò? Ibi tí VR ti wúlò nìyẹn. Ó gbé ìgboro wá bá onítọ̀hún nínú yàrá. Mọ́tò kankan ò lè gbá a. Ọjà kan náà, èrò kan náà, ìpè kan náà ni gbogbo ẹni tó bá wọlé yóò bá, nítorí náà a lè fi èsì ẹnìkan wé ti ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ náà sì ń kọ ohun tí ojú dókítà ò lè ká: ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló fi dúró níkòríta, ẹ̀ẹ̀melòó ló wẹ̀yìn, ibo ni orí rẹ̀ kọ sí kó tó pinnu. Orí ìwé, ó gbà á tàbí kò gbà á, ibẹ̀ ló parí sí.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń tẹnu mọ́ wíwá ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí pé apá ọpọlọ tí àìsàn Alzheimer máa ń tètè bà jẹ́ náà la fi ń mọ̀nà. Alzheimer yìí ni irú dẹmẹ́ńṣíà, ìyẹn àìsàn ọpọlọ tó ń ra iyè èèyàn, tó wọ́pọ̀ jù.

Ní 1971, onímọ̀ ọpọlọ kan, John O'Keefe, rí i nínú ọpọlọ eku pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà ní hippocampus, apá ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ ìrántí, tó jẹ́ pé ìgbà tí eku bá dé ojú ibì kan pàtó ni wọ́n ń ta kìjí. Bó bá kúrò níbẹ̀, wọn á dákẹ́, òmíràn á sì gbà á. Ní 2005, May-Britt Moser àti Edvard Moser ní Norway rí irú sẹ́ẹ̀lì mìíràn nítòsí ibẹ̀, ní apá tó ń jẹ́ entorhinal cortex. Àwọn yẹn ni wọ́n ń fi wọn bí ẹranko ṣe jìnnà sí ibi tó ti wá àti apá ibi tó kọjú sí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pín ẹ̀bùn Nobel ní 2014. Entorhinal cortex yìí sì wà lára ibi àkọ́kọ́ tí Alzheimer máa ń kọlù, nígbà mìíràn ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni nílé tó fura.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn oníwádìí ní Cambridge gbé jáde ní 2019. Wọ́n fi awò sí ojú àwọn èèyàn, wọ́n ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn nínú yàrá. Àmì kan á yọ, wọn á rìn lọ bá a, á sì pòórá. Èkejì á yọ, wọn á lọ bá òun náà. Ẹ̀kẹta bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní: ẹ padà síbi àmì àkọ́kọ́. Kò sí àmì mọ́ níbẹ̀, kò sí ẹni tí wọ́n lè bi. Ohun tí ara wọn rántí nípa ìrìn yẹn nìkan ló kù. Nínú àwọn tí ìgbàgbé wọn ti kọjá ti ọjọ́ orí ṣùgbọ́n tí kò tíì di dẹmẹ́ńṣíà, àwọn tí àmì Alzheimer hàn nínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ló ṣìnà jù. Àwọn tí àmì náà ò sí lára wọn ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Ìdánwò yìí sì yà wọ́n sọ́tọ̀ ju àwọn ìdánwò orí ìwé kan tí ilé ìwòsàn ń lò lọ.

Nítorí náà, bí bàbá yín tó ti ń gbé Òkè-Baalẹ̀ láti kékeré bá dúró ní Ọláìyá lọ́sàn-án gangan, tí kò mọ èwo ni kóun yà sí, ẹ má kàn fi rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà, kódà bó bá ń rántí orúkọ gbogbo ọmọ ọmọ rẹ̀.

Mo fi kún un: Eleanor Maguire àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2000 pé ẹ̀yìn hippocampus àwọn awakọ̀ takisí ní London tóbi ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ, nítorí ọ̀nà púpọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ há sórí. Ó wù mí kí ẹnìkan ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọlọ́kadà tó ń gba inú agbo ilé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Mo gbọ́ nípa géèmù ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n fi ṣe ìwádìí. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Sea Hero Quest lorúkọ rẹ̀. Ó jáde sórí fóònù ní 2016, Deutsche Telekom ló gbé owó sílẹ̀, àwọn onímọ̀ láti University College London àti University of East Anglia sì wà nídìí rẹ̀. Ní 2017 wọ́n ṣe èyí tí wọ́n ń fi awò VR wò. Ẹni tó ń ṣe é á wo máàpù, wọn á mú un kúrò, á sì wa ọkọ̀ gba ibi tó rántí. Ó lé ní mílíọ̀nù 4 èèyàn tó ṣe é.

Èsì kan tó jáde láti inú rẹ̀ ní 2022 ló yẹ ká fẹ̀ lójú. Wọ́n wo èèyàn tó sún mọ́ 400,000 ní orílẹ̀-èdè 38, wọ́n sì rí i pé ibi tí èèyàn ti dàgbà ní ọwọ́ nínú bó ṣe ń mọ̀nà títí dọjọ́ ogbó. Àwọn tó dàgbà sí ìlú tí títì rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan, tó ṣe igun igun bíi ti Chicago, kì í mọ̀nà tó àwọn tó dàgbà síbi tí ọ̀nà ti ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ. Bí ọ̀nà inú géèmù náà bá tọ́, àwọn ará ìlú onígun náà ló máa ń ṣe dáadáa.

Ẹ̀yin tó mọ àyíká Ọjà Ọba mọ ohun tí mò ń sọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà ti bá ilẹ̀ mu: ẹ lè gba ẹ̀yìnkùlé ẹnìkan, ẹ jáde sójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹlòmíràn, kí ẹ sì bá ara yín nídìí ìsọ̀ aláta. Bí wọ́n bá gbé ìyá tó dàgbà síbẹ̀ sínú ìlú àfarawé tí gbogbo òpópónà rẹ̀ jọra, tí ilé rẹ̀ ò yàtọ̀ síra, tó sì ṣìnà, kí la fẹ́ sọ pé a wọ̀n?

Ìyá mi ò kàwé, kò sì di kọ̀ǹpútà mú rí. Ṣé wọn ò ní sọ pé iyè wọn ti ra?

Èyí ni ìbéèrè tí mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo wọn, mi ò sì ní yára níbẹ̀.

Ewu náà wà. Kì í ṣe VR ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pàápàá. Ẹni tí kò di bírò mú rí ni wọ́n ń sọ fún pé kó ya aago. Àwọn ará wa ní Ìbàdàn ti ronú sí i tipẹ́. Láti 1992, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana jọ ṣe ìwádìí dẹmẹ́ńṣíà láàárín àwọn àgbàlagbà Yorùbá ní Ìdíkàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ogunniyi wà lára àwọn tó ṣe é. Wọ́n lo ìdánwò kan tó ń jẹ́ CSI-D, tí wọ́n ṣètò kó má fi ti ìwé kíkà ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ohun tó dára jù nínú rẹ̀, lójú tèmi, ni pé wọn kì í fi ọ̀rọ̀ mọ sọ́dọ̀ arúgbó nìkan. Wọ́n máa ń bi ará ilé náà pé: ṣé ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀? ṣé ó ń pe ènìyàn lórúkọ ẹlòmíràn? Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 ni pé lọ́dọọdún, 1.35% nínú àwọn àgbàlagbà Yorùbá náà ni dẹmẹ́ńṣíà ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Ní Indianapolis, 3.24% ni.

Lẹ́yìn wọn ni ìdánwò IDEA dé, tí wọ́n ti lò ní Tanzania àti Nàìjíríà. Igi ìṣáná ni wọ́n fi rọ́pò bírò níbẹ̀: wọ́n á to igi náà, wọ́n á ní kí àgbàlagbà to tirẹ̀ bákan náà.

Irú ọgbọ́n yìí ni mo fẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ VR máa lò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdánwò ọjà rírà tí wọ́n ṣe nílẹ̀ òkèèrè, súpámákẹ́ẹ̀tì ló wà nínú rẹ̀: kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tì, àtẹ gígùn, iye owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ọjà. Ìyá tó ti ń ná ọjà ní Ìgbọ̀nà fún ogójì ọdún máa ń béèrè pé èló ni, á ní ó ti wọ́n jù, á ṣe bí ẹni ń lọ, wọn á sì pè é padà. Ìrántí ńlá ló wà nínú ìyẹn: iye tó rà á lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tí kì í fún òun léènì, iye tó kù lápò. Súpámákẹ́ẹ̀tì àfarawé ò bá a pàdé níbì kankan. Bí kò bá rí kẹ̀kẹ́ tì, àìmọ̀ ni, kì í ṣe ìgbàgbé.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi VR wo ìyá yín, ẹ bi í ní ohun méjì. Àwọn wo ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò, ṣé àwọn tó jọ ìyá mi wà níbẹ̀? Èdè wo ló fi ń sọ̀rọ̀? Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́, máàkì tó bá jáde ò ní ìtumọ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò?

Wọ́n á kọ́kọ́ ṣàlàyé, wọ́n á sì gba àṣẹ lẹ́nu àgbàlagbà náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìgbà ìfojúmọ̀, tí kò ní máàkì: wọ́n á jẹ́ kó wo yàrá òfìfo kan, kó na ọwọ́, kó tẹ rìmóòtù, kó gbé ife àfarawé kan kó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fo ibí yìí. Arúgbó tí kò tíì mọ rìmóòtù lò yóò pẹ́ lẹ́nu gbogbo iṣẹ́, ẹ̀rọ á sì kà á sí pé ọpọlọ ló lọ́ra.

Kí ó wọ jígí ojú rẹ̀ wá bó bá ń lò ó, kó sì wọ ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ bó bá ní. Gèlè gbọ́dọ̀ wálẹ̀, nítorí okùn awò náà. Kí àwọn ìyá tó máa ń borí mú ìborí pẹlẹbẹ wá. Irun kíkó tó ga lórí náà á dí i lọ́wọ́. Àga tó dúró dáadáa ni kí ó jókòó sí, kí ẹnìkan sì wà nítòsí. Iṣẹ́ gan-an kì í sábà pẹ́.

Mọ́tò lásán ń kọ́ mi ní òòyì. Ṣé VR ò ní mú mi bì?

Ó lè ṣẹlẹ̀. Ojú ń sọ pé ẹ ń rìn, inú etí tí a fi ń mọ ìdúró ń sọ pé ẹ jókòó. Ọpọlọ ò mọ èyí tí yóò gbà. Bí ìdánwò náà bá jẹ́ kí ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn, tàbí tó ń gbé yín láti ibì kan sí òmíràn lẹ́ẹ̀kan náà dípò kó máa fà yín lọ, ó máa ń dín kù. Ẹ má jẹun yó lọ. Bí itọ́ bá ń pọ̀ lẹ́nu, tí òógùn tútù bá ń bọ̀, ẹ ní kí wọ́n bọ́ ọ. Ẹ má fara dà á nítorí ìtìjú. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jókòó kí ara balẹ̀ kí ẹ tó gun ọ̀kadà.

Ta ni kò yẹ kó wọ̀ ọ́ láìbi dókítà?

Ẹni tó ní wárápá, pàápàá èyí tí iná tó ń ṣẹ́jú máa ń fà. Ẹni tí òòyì rẹ̀ le. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí láyà nítorí ọkàn. Mo fi ẹni tó ti ń rí ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un. Kò yẹ ká tún gbé ayé àfarawé ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí.

Bí máàkì bàbá mi bá kéré, ṣé Alzheimer ni?

Rárá. Máàkì kékeré sọ pé nǹkan kan wà tó yẹ ká wá ìdí rẹ̀, kò sọ ìdí náà. Ìbànújẹ́ tó wọ ènìyàn lára lẹ́yìn ikú ìyàwó lè fa ìgbàgbé. Tàírọ́ọ̀dì tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa lè fà á, àìtó fítámì B12 lè fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn oorun àti àwọn oògùn kan tí èèyàn dà pọ̀. Ẹni tó ṣubú tó forí gbálẹ̀ lóṣù méjì sẹ́yìn lè ní ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ agbárí. Etí tó di pàápàá: ohun tí bàbá ò gbọ́, báwo ló ṣe fẹ́ rántí rẹ̀? Púpọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí ló ní ìtọ́jú.

Níbo ni ká kọ́kọ́ lọ ní Òṣogbo?

Ẹ má wá VR lọ. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Asùbíàró tàbí ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni UNIOSUN tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní LAUTECH. Wọ́n á wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ojú àti etí, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n á sì ṣe ìdánwò orí ìwé. Bí ọ̀rọ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n lè kọ̀wé fún yín lọ sí UCH Ìbàdàn, tó ní ẹ̀ka àwọn àgbàlagbà láti 2012.

Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, pẹ̀lú àgbo. Ẹ mú ẹni tó ń bá a gbé lọ, kì í ṣe ọmọ tó ń fi owó ránṣẹ́ láti Èkó. Kí ẹ sì ti kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bóyá díẹ̀díẹ̀ ló wá tàbí òjijì. Bó bá jẹ́ òjijì, tí ẹnu wọ́ tàbí tí ọwọ́ kan rọ, rọpá-rọsẹ̀ ni kí ẹ rò, wákàtí yẹn náà ni kí ẹ gbéra.

Bàbá ní àwọn ò ṣe ìdánwò kankan, pé ṣé wèrè làwọn ni. Kí ni ká ṣe?

Kí ẹni tí bàbá máa ń gbọ́ tirẹ̀ bá wọn sọ ọ́, bóyá àbúrò wọn tàbí ẹ̀gbọ́n wọn; kí àbíkẹ́yìn má ṣáájú. Ẹ má sọ pé “ẹ̀yin ti ń gbàgbé nǹkan jù.” Irú eléyìí máa ń wọlé: “Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí dókítà lè bá wa wo orí náà mọ́ ọn.” Òótọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀tàn, nítorí wọ́n á wo méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ àjẹ́ wà níbẹ̀ náà. Ìyá arúgbó tó bá ń dá sọ̀rọ̀, tó ń rìn lóru, tó ń pe orúkọ àwọn tó ti kú, àwọn ará àdúgbò lè bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bákan. Àìsàn ọpọlọ máa ń fa gbogbo ìwọ̀nyí. Kí ẹ sọ ọ́ síta fún àwọn ará ilé kí ẹnu tó kún.

Ṣé mo lè fi fóònù mi ṣe é nílé?

Ẹ lè fi ṣeré. Kì í ṣe àyẹ̀wò. Kò sẹ́ni tí yóò túmọ̀ èsì rẹ̀ fún yín, ẹni tó bá sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta á gba máàkì tó ga nítorí pé ó ti mọ géèmù náà.

Ta ló ni àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ yìí ń gbà?

Ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Bí èèyàn ṣe ń mi orí àti ọwọ́ ń tú u fó: àwọn onímọ̀ ní Stanford fi hàn ní 2020 pé nínú èèyàn 511, ẹ̀rọ mọ ẹni tó jẹ́ nígbà 95 nínú ọgọ́rùn-ún látinú àkọsílẹ̀ tí kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Pé wọ́n yọ orúkọ kúrò ò tó. Nàìjíríà ní òfin ìdáàbòbò dátà láti 2023, ọ̀rọ̀ ìlera sì wà lára ohun tí òfin náà fún ní ààbò tó lé ní ti ìyókù. Ibo ni wọ́n kó o pamọ́ sí? Ta ni wọ́n fẹ́ fún? Ṣé ẹ lè ní kí wọ́n pa á rẹ́? Bí wọn ò bá lè dáhùn, ẹ dìde.

Ṣé ó lè wo ìgbàgbé sàn?

Àyẹ̀wò la ń sọ níbí, ìwòsàn kọ́. Ẹni tó bá ń ta awò fún yín pé ó ń wo dẹmẹ́ńṣíà, owó yín ló ń wá. Ohun tó wúlò nínú dídènà rẹ̀ kò jẹ mọ́ awò: ìgbìmọ̀ Lancet ti 2024 to ohun 14 tó ń fà á tí a lè ṣe nǹkan sí, wọ́n sì ṣírò pé bí a bá lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò, a lè dènà tàbí dá nǹkan bí 45% dẹmẹ́ńṣíà dúró fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, etí dídi, ojú tí kò ríran, sìgá, ọtí àmujù, ìdánìkanwà, àìlọ sílé ìwé. Awò ojú lásán fún ìyá tí kò ríran dáadáa mọ́ yóò ṣe é lóore ju ti VR lọ.

Ṣé àgbàlagbà nìkan ni wọ́n ń fi wò?

Rárá. Wọ́n ń lò ó fún ẹni tó forí gbá nínú ìjàǹbá ọ̀kadà, àti fún ẹni tí rọpá-rọsẹ̀ mú kó má mọ̀ pé apá òsì òun wà. Fún àwọn ọmọ tí ọkàn wọn kì í dúró sójú kan, Albert Rizzo ní Amẹ́ríkà ṣe kíláàsì àfarawé kan: ọmọ á máa wo pátákó, mọ́tò á máa kọjá lẹ́yìn fèrèsé, ẹ̀rọ á sì máa ka iye ìgbà tó wẹ̀yìn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ni mí níbí. Mo fẹ́ ṣe ọjà Òṣogbo sínú VR fún irú àyẹ̀wò yìí. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Má tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Lọ jókòó ti àwọn ìyá ọlọ́jà, bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé àwọn ti dé ìsọ̀ ẹlẹ́lùbọ́ ọ̀hún. O lè gbọ́ pé òórùn ni, tàbí ohùn ẹni tó ń lọ ata. Òórùn ò sí nínú awò, nítorí náà ohùn àti àmì tí ojú ń rí ni kó o fi rọ́pò. Jẹ́ kí ẹni tó ń tajà nínú rẹ̀ kí oníbàárà kó tó dá iye owó lé e, kó sì gbà kí ó dín in. Gba ohùn ọmọ Òṣogbo sílẹ̀ fún un, kì í ṣe ti ẹ̀rọ tó ń ka Yorùbá láìsí ohùn òkè òun ìsàlẹ̀.

Wá dókítà ọpọlọ kan àti onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá mọ́ra láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí o sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ìwádìí ní ilé ìwòsàn náà. Àwọn àgbàlagbà tí ara àti iyè wọn pé ni kó o kọ́kọ́ fi dán an wò, tó kàwé àti tí kò kàwé, ọkùnrin àti obìnrin, títí tí wàá fi mọ iye tí ẹni tí kò ní àìsàn kankan máa ń gbà lọ́jọ́ orí kọ̀ọ̀kan. Tún dán wọn wò fún ìgbà kejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kó o rí i bóyá máàkì ẹnì kan náà dúró. Iṣẹ́ yìí ló pọ̀ jù, owó rẹ̀ sì ni àwọn tó ń fúnni lówó kì í fẹ́ san. Kọ ọ́ sínú ètò ìnáwó rẹ kó o tó kọ iye awò.